Adìẹ mi pa ọmọ mẹ́sàn-án bí òtútù ṣe ń wọlé: báwo ni wọ́n ṣe máa la oṣù Kìíní já?

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield (26 Oṣù Kẹwàá)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn. Mo ní àgbébọ̀ Buff Orpington kan tí a wá títí tí a ò rí. Gbogbo wa ti gbà pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló gbé e. Àṣé abẹ́ igi ìdáná tí ọkọ mi tò sẹ́yìn gáréèjì ló lọ sàba sí. Lánàá ló jáde, ọmọ mẹ́sàn-án ń tẹ̀ lé e, ariwo tó ń pa á fi hàn pé òun ló ni àdúgbò.

Inú mi dùn, àmọ́ àyà mi ń já. Níbí, láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa ń fẹ́ kí adìẹ pa ọmọ, kí ìyẹ́ lè ti bo àwọn ọmọ náà kí òtútù tó dé. Àwọn tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pé oṣù méjì ní Kérésìmesì. Aládùúgbò mi kan tóun náà ń sin adìẹ ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé wọn ò ní rí oṣù Kìíní.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ lábẹ́ ìyá wọn nínú àgò níta ni, àbí kí n kó wọn wọ gáréèjì kí n tan gílóòbù fún wọn? Àgò ò ní iná, gáréèjì ní. Ìgbà wo ni wọ́n lè dá dúró láìsí iná? Tí wọ́n bá sì là á já, ìgbà wo ni wọ́n máa yé ẹyin?

Bàbá Ọlọ́sìn, Ìsẹ́yìn

Ọmọ mi, o kú oríire. Ìyá wọn ni kí o fi wọ́n fún. Adìẹ tó fi ọjọ́ mọ́kànlélógún jókòó lórí ẹyin nínú òtútù ilẹ̀ yẹn, ṣé òun ni kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń ràdọ̀ bo ọmọ? Àwa ò mọ gílóòbù nígbà tí à ń dàgbà. Àgò ni, ká dé e lálẹ́ nítorí ológbò igbó àti èkúté, tílẹ̀ bá mọ́, ìyá á kó wọn jáde.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣọ́ ni ìrì àárọ̀. Òròmọdìẹ tí ìrì bá rin láyà, kì í pẹ́ tó fi máa ń di apá sílẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n jáde títí koríko á fi gbẹ.

Gbẹ́nga Peckham

Bàbá, níbí o, koríko ò ní gbẹ títí di oṣù Kẹrin.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Òótọ́ ni Bàbá sọ lórí ìyá àti lórí ìrì, Gbẹ́nga náà ò sì purọ́.

Irun múlọ́múlọ́ tó wà lára òròmọdìẹ kì í pa ooru mọ́ tó. Ara ìyá wọn ni wọ́n ń yá lò, ara adìẹ sì gbóná tó 41°C. Wọ́n á jáde, wọ́n á jẹ díẹ̀, òtútù á mú wọn, wọ́n á sáré padà sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, òròmọdìẹ lè ṣeré fún ìgbà pípẹ́ kó tó rántí ìyá rẹ̀. Níbi tó bá tutù tó 5°C, kò ní lè dúró tó bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ìgbà tó bá sì fi wà lábẹ́ ìyá, kò jẹun. Ẹ wá ronú kan ọjọ́ kúkúrú: nínú oṣù Kejìlá, ojúmọ́ Sheffield kò tó wákàtí mẹ́jọ. Lójú tèmi, ebi ló ń kọ́kọ́ mú òròmọdìẹ ìgbà òtútù, òtútù á wá parí rẹ̀.

Nítorí náà, ìyá tọmọ tọmọ, ẹ kó gbogbo wọn wọ gáréèjì. Ìyá ni iná wọn. Gílóòbù kékeré lásán tí kì í gbóná ni kí ẹ tàn, kí wọ́n lè ríran jẹun fún bíi wákàtí méjìlá lójúmọ́, kí ẹ sì pa á lálẹ́ kí wọ́n sùn. Sítátà, ìyẹn oúnjẹ òròmọdìẹ, tó ní purotéènì bíi 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí wọ́n máa jẹ, kó wà níwájú wọn nígbà gbogbo. Ìyá náà lè bá wọn jẹ ẹ́, kò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ẹ tún máa múra sílẹ̀ o. Ọmọ Orpington mẹ́sàn-án kò ní gba abẹ́ ìyá kan mọ́ tí wọ́n bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó bá bọ́ sí etí ni òtútù máa ń mú lóru.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Minnesota

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ ra gílóòbù pupa 250 wáàtì tí wọ́n fi ń mú òròmọdìẹ gbóná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Níbí, òtútù máa ń já sí -20°C àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ìgbà òtútù tí a kì í gbọ́ pé ahéré adìẹ kan jóná. Pákó gbígbẹ nílẹ̀, eruku lára wáyà, adìẹ fò lu gílóòbù, ó já bọ́. Ó parí.

Àwo iná ni kí ẹ rà. Ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ẹ lè gbé sókè bí wọ́n ṣe ń dàgbà, wọ́n á wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn kàn án bí ìgbà tí wọ́n wà lábẹ́ ìyá. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, kì í sì í mú ìmọ́lẹ̀ wá, wọ́n á mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbóná tó tí yàrá bá ti tutù ju 10°C lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Tó bá di dandan kí ẹ lo gílóòbù, ṣéènì ni kí ẹ fi so ó, kì í ṣe okùn, ẹ so ó níbi méjì. Ẹ yẹ ara páálí wò bóyá wọ́n kọ PTFE síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń kun ìkòkò kí ọbẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn ni. Tó bá gbóná jù, èéfín tí imú tiwa ò gbọ́ á pa gbogbo ẹyẹ tó wà nínú yàrá.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ìsẹ́yìn

250 wáàtì fún adìẹ? Èmi gan-an ò rí iná tó tó bẹ́ẹ̀ fi wo ìròyìn.

Ọmọ Jọs

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ òtútù o. Jọs ga ju ibi tí ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ ń gbé lọ, ó tó 1,200 mítà, tí ọyẹ́ bá sì dé, ẹ máa wá kóòtù. Ìgbà yẹn gan-an la sì máa ń ní òròmọdìẹ jù nílẹ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ ta bírọ́ilà ní Kérésìmesì gbọ́dọ̀ kó wọn wọlé ní oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ìkòkò èédú la fi ń yá wọn, a ó fi tapólì bo ojú fèrèsé. Ọdún tó kọjá, ẹnì kan ní àdúgbò wa di gbogbo ihò ilé pátápátá kí òtútù má bàa wọlé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ló ti kú, kò sì sí àmì àrùn kankan lára wọn.

Dókítà, ṣé èédú ló pa wọ́n?

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Òun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Èédú tó ń jó níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti wọlé ń yọ carbon monoxide, kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ènìyàn tó bá sùn níbẹ̀ á kú, áńbọ̀sì òròmọdìẹ. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá iná sí èédú títí tí gbogbo rẹ̀ á fi pọ́n, kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, kí ihò sì wà lókè ògiri tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí. Tapólì, ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó má dé òkè. Jẹnẹrétọ̀ náà, ẹ̀yìn ilé ni, kì í ṣe inú ilé adìẹ.

Ìyàtọ̀ ọyẹ́ sí òtútù Sheffield ni pé ọyẹ́ gbẹ. Ọ̀sán á gbóná, òru á tutù, eruku á sì máa dà wọ́n lọ́nà ọ̀fun. Ti Sheffield, ọ̀rinrin ni. Ìyá Àdùfẹ́ á rí ohun tí mò ń sọ tó bá yá.

Títí Aberdeen

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Àdùfẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn kan lè má tíì mọ̀: láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, dandan ni kéèyàn forúkọ adìẹ sílẹ̀ ní England àti Wales, ì báà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Tiwa ní Scotland ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú. Tí fúlúù ẹyẹ bá ń jà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi ìwé ránṣẹ́ sí yín pé kẹ́ ẹ kó adìẹ wọlé tàbí kẹ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà òtútù ló sì máa ń jà jù, torí àwọn ẹyẹ omi tó ń ṣí wá láti òkèèrè.

Ẹ̀ẹ̀kejì, oúnjẹ àjẹkù. Ẹ má fún wọn o. Òfin níbí ò gbà pé kí ohunkóhun tó ti gba inú ilé ìdáná kọjá bọ́ sẹ́nu adìẹ, àfi tí ilé yẹn kì í bá dáná ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà rárá.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ìsẹ́yìn

Kí ni adìẹ wá wà fún? Èèpo iṣu ńkọ́? Ìsàlẹ̀ ìkòkò àmàlà ńkọ́?

Títí Aberdeen

Bàbá, èèpo iṣu tó bá ti wọ kíṣìnì, ó ti dẹ́ṣẹ̀.

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ti forúkọ wọn sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. A ti kó wọn wọ gáréèjì lálẹ́ àná, ọkọ mi fi pákó pààlà igun kan fún wọn. Ìyá náà ṣá mi lọ́wọ́ dáadáa kó tó gbà.

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield (22 Oṣù Kọkànlá)

Mo tún dé o. Mẹ́sàn-án ṣì ni wọ́n, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ti yí padà. Ìyẹ́ ń já lára rẹ̀, ó ń lọ sùn sórí ọ̀pá lókè, tí wọ́n bá sún mọ́ ọn, ó ń ṣá wọn lórí. Lóru, àwọn ọmọ ń kó jọ sí igun kan, wọ́n ń gun ara wọn. Gíláàsì fèrèsé gáréèjì sì ń làágùn láràárọ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ó ti já wọn lẹ́nu ọmú nìyẹn. Àwọn kan ń tọ́jú ọmọ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn mìíràn á fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tó ń pa ìyẹ́ dà, ara rẹ̀ ló ń tọ́jú báyìí. Ẹ mú un padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ gbé àwo iná sílẹ̀ fún wọn lónìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ọ̀nà tí a ń gbà wọn ooru fún òròmọdìẹ ni pé ọ̀sẹ̀ kìíní ń fẹ́ bíi 35°C níbi tí ooru wà, kí ẹ sì máa dín bíi 3°C kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí á fi bá ti yàrá dọ́gba. Àwọn tiyín báyìí, 26°C tó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú wo wọn ju kẹ́ ẹ máa wo nọ́ńbà lọ. Tí wọ́n bá kó jọ tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ni. Tí wọ́n bá sá jìnnà sí iná tí wọ́n ya ẹnu, ooru pọ̀. Tí wọ́n bá tàn káàkiri, tí ohùn wọn rọra ń dún wẹ́wẹ́, ẹ lọ sùn.

Ẹ fi páálí yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin po kó di róbótó. Inú igun ni wọ́n ti máa ń tẹ ara wọn pa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Minnesota

Gíláàsì tó ń làágùn yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ìyá tó kọ ọmọ lọ. Òógùn yẹn wá láti inú èémí wọn àti ìgbẹ́ wọn, ó túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ò rí ọ̀nà jáde. Adìẹ gbígbẹ lè fara da òtútù tí yóò yà yín lẹ́nu. Èyí tí ara rẹ̀ tutù, òtútù kékeré á pa á.

Ẹ ṣe èyí lálẹ́ òní: ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé orí yín sí ibi tí orí òròmọdìẹ máa ń wà, ẹ mí sínú. Tí ojú bá ta yín, ammonia tó ń ti inú ìgbẹ́ wọn jáde ni. Ẹ̀dọ̀fóró wọn kò ní gbà á. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ dànù, ẹ da pákó fífá síbẹ̀, èyí tí káfíńtà ń fá tó ká wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́, kó nípọn. Lẹ́búlẹ́bú pákó kọ́ o, wọ́n á máa jẹ ẹ́. Ìwé ìròyìn náà kọ́, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ wọn á là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ihò sí òkè, lábẹ́ òrùlé, kí afẹ́fẹ́ máa gba orí wọn kọjá láì kàn wọ́n lára.

Gbẹ́nga Peckham

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Gíláàsì ti wá tú wọn láṣìírí.

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield (29 Oṣù Kọkànlá)

Gáréèjì ti gbẹ, gíláàsì ti mọ́. Àmọ́ láti àná, méjì nínú wọn ń dúró gẹlẹtẹ, wọ́n fún ọrùn mọ́ra, apá wọn wálẹ̀. Mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ gbà mí.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ìsẹ́yìn

Ọmọ mi, fún ewé efinrin sínú omi wọn, kí o gé àlùbọ́sà sí i. Kó o sì fún wọn ní àgbàdo lílọ̀ kí ara wọn lè gbóná.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, mo mọ̀ pé ìrírí ló ń sọ̀rọ̀. Efinrin ò ní pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò ní mú wọn dúró. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ òròmọdìẹ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti gbé lórí ilẹ̀ tútù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé coccidiosis ni. Kòkòrò rẹ̀ kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, inú ìgbẹ́ ló wà, ọ̀rinrin àti ooru ló ń mú un dàgbà, wọ́n á ṣá a jẹ mọ́ oúnjẹ, á sì máa ya ìfun wọn. Oògùn amprolium nínú omi ni a sábà ń lò. Ìyá Àdùfẹ́, ẹ pe dókítà ẹran tó wà nítòsí yín lónìí, ẹ gbé ìgbẹ́ díẹ̀ lọ fún un, òun ló máa sọ ìwọ̀n. Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló gbọ́dọ̀ mu ún, torí omi kan náà ni wọ́n jọ ń mu. Kí omi mìíràn má sí nílẹ̀. Ẹ ya àwọn méjì yẹn sọ́tọ̀ níbi tó gbóná, ẹni tó ń ṣàìsàn kì í lè du iná pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lórí àgbàdo: àgbàdo ní agbára, ṣùgbọ́n purotéènì rẹ̀ ò tó ìdajì ti sítátà. Purotéènì ni ìyẹ́ fi ń hù. Òròmọdìẹ tí ẹ bá fi àgbàdo bọ́ nígbà òtútù á yó, ìyẹ́ rẹ̀ á pẹ́ kó tó jáde, ìyẹ́ yẹn ló sì yẹ kó fi bora. Tí wọ́n bá ti kọjá oṣù méjì, ìkúnwọ́ kékeré kan nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó sùn ò burú.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ìsẹ́yìn

Mo gbọ́, Dókítà. Efinrin tèmi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn o.

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield (14 Oṣù Kejìlá)

Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn kú lọ́jọ́ kejì. Èkejì padà bọ̀ sípò, ó ń jẹun ju gbogbo wọn lọ báyìí. Mẹ́jọ ló kù, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ méje, ìyẹ́ ti bo wọn tán àfi orí àti ọrùn. Àwo iná náà, wọn kì í wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ṣé mo lè kó wọn síta? Ó ń di 2°C lóru.

Títí Aberdeen

Tí wọ́n bá ti ń sùn lórí rẹ̀, ẹ pa á. Tiwa níbí, ojúmọ́ ò pé wákàtí méje lásìkò yìí, mo sì ti kó èyí tó kéré díẹ̀ ju tiyín lọ síta rí. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan nínú gáréèjì láìsí iná rárá. Lẹ́yìn náà, ọ̀sán tí òjò ò rọ̀, ẹ gbé wọn síta fún wákàtí méjì, mẹ́ta, kí ẹ dá wọn padà. Nígbà tí ẹ bá wá kó wọn síta pátápátá, ẹ má tún kó wọn padà sínú ooru nítorí pé àánú ṣe yín lóru ọjọ́ kan. Ara wọn ti ń kọ́ òtútù nígbà yẹn.

Mẹ́jọ dára. Wọ́n á kó jọ, wọ́n á mú ara wọn gbóná. Ká ní méjì ni, mi ò ní dá irú ìmọ̀ràn yìí.

Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì àgò yín dáadáa. Nẹ́ẹ̀tì olójú ńlá ti adìẹ yẹn, èkúté á gba inú rẹ̀ wọlé wá bá wọn, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á sì fi eyín ya á. Èyí tó nípọn tí ojú rẹ̀ ò ju mìlímítà 13 lọ ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Minnesota

Ọ̀pá tí wọ́n máa sùn lé, ẹ lo pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀, má ṣe jẹ́ kó rí róbótó tóóró. Wọ́n á lè fi ikùn bo gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ará Kánádà tilẹ̀ dá irú adìẹ kan sílẹ̀ tìtorí òtútù, Chantecler. Mọ́ǹkì kan ní ilé àwọn mọ́ǹkì ní Oka, ní Quebec, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, torí ogbe ńlá àwọn adìẹ tí wọ́n ń sìn ń dì, ó ń dúdú, ó ń já. Ti Chantecler kéré, ó lẹ̀ mọ́ orí.

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield

Wyandotte ni bàbá àwọn tèmi, ogbe tirẹ̀ náà pẹlẹbẹ ni. Bóyá wọ́n jogún rẹ̀.

Dókítà, ti ẹyin tí mo bi yín ńkọ́? Ṣé kí n máa tan gílóòbù yẹn lọ fún wákàtí mẹ́rìndínlógún kí wọ́n lè tètè yé? Ẹnì kan ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Rárá o. Àgbébọ̀ tó ti ń yé ni wọ́n ń ṣe ìyẹn fún. Ọmọge adìẹ tí ìmọ́lẹ̀ ń gùn sí i lójú rẹ̀, ara rẹ̀ á gbà pé àsìkò yíyé ti tó kí egungun ìdí rẹ̀ tó fẹ̀. Ẹyin á kéré, ó sì lè yọ ìdí. Wákàtí méjìlá tí ẹ ti ń tàn, ẹ má fi kún un. Tí wọ́n bá bọ́ síta, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún oòrùn.

Orpington kì í kánjú, oṣù mẹ́fà sí méje ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó bá jẹ mọ́ Wyandotte náà kò ní yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka oṣù mẹ́fà láti ìparí oṣù Kẹwàá, ìparí oṣù Kẹrin ni, nígbà tí ojúmọ́ ti gùn fúnra rẹ̀. Àsìkò tí àwọn tí wọ́n pa ní oṣù Kẹta á ṣì máa sáré kiri bí òròmọdìẹ, àwọn tiyín á ti jókòó sínú ìtẹ́.

Ọmọ Jọs

Ìyẹn ni pé ẹni tó pẹ́ dé ló máa kọ́kọ́ yé ẹyin. Ẹ sọ fún aládùúgbò yẹn.

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield (11 Oṣù Kìíní)

Yìnyín ti bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà níta láti ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, wọ́n ń wo yìnyín bí ẹni rí iwin, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè. Omi wọn ń dì kí n tó wọlé tán. Ṣé yìnyín tí wọ́n ń ṣá yẹn lè tó wọn fún omi?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Minnesota

Kò lè tó. Adìẹ tí kò bá mu omi kò ní jẹun, èyí tí kò bá jẹun kò ní gbóná lóru. Ẹ lo garawa rọ́bà dúdú, ẹ máa gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ láàárọ̀ àti ní ọ̀sán, tó bá dì, ẹ dojú rọ́bà dé kí ẹ tẹ ìdí rẹ̀, yìnyín á bọ́. Ike máa ń fọ́. Ẹ má gbé omi sínú ibi tí wọ́n ń sùn, ọ̀rinrin la ń sá fún.

Títí Aberdeen

Ẹ gbá ilẹ̀ díẹ̀ fún wọn, ẹ da koríko gbígbẹ sórí rẹ̀. Wọn ò fẹ́ tẹ yìnyín, àmọ́ wọ́n á jáde.

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield

Ẹ ṣé. Mo ti da á, wọ́n ti jáde. Akọ márùn-ún, abo mẹ́ta, ó jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan gbìyànjú àtikọ láàárọ̀ àná, ohùn rẹ̀ já síbi ìdajì.

Gbẹ́nga Peckham

Akọ márùn-ún! Ìyá Àdùfẹ́, Àjíǹde ń bọ̀ o. Mo ní ìkòkò.

Bàbá Ọlọ́sìn, Ìsẹ́yìn

Gbẹ́nga, fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọmọ mi, èwo lo máa fi ṣe àkùkọ nínú wọn?

Ìyá Àdùfẹ́, Sheffield

Mẹ́rin ló jogún ogbe bàbá wọn, ẹyọ kan ló ní ogbe tó dúró ṣánṣán bíi ti ìyá. Nínú àwọn mẹ́rin yẹn, èyí tó ṣàìsàn ní oṣù Kọkànlá ló tóbi jù báyìí, kì í sì í bá àwọn abo jà nídìí oúnjẹ. Òun ni mo ní lọ́kàn. Dókítà, ṣé àìsàn yẹn ò ní ba àtọ̀ rẹ̀ jẹ́?

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Kò ní bà á jẹ́. Tó bá ti ń jẹun tó sì ń sanra, ìfun rẹ̀ ti jinná. Ẹ jẹ́ kó pé oṣù mẹ́fà sí méje kí ẹ tó kó ẹyin rẹ̀ sábẹ́ àgbébọ̀, kí ó sì má jẹ́ oṣù Kẹwàá mọ́.